Aṣọ olórin lábẹ́ ooru ẹ̀ẹ̀rùn: ìdáhùn sí olórí ẹgbẹ́ jùjú kan

Ìbéèrè tí olórí ẹgbẹ́ olórin kan fi ránṣẹ́ sí mi láti Abẹ́òkúta nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹgbẹ́ jùjú ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án ni tiwa. Ní oṣù Ẹrẹ́nà tó kọjá, a ṣeré níbi ìgbéyàwó kan láti agogo méjìlá ọ̀sán, agbádá léèsì sì ni gbogbo wa wọ̀. Kò tíì tó wákàtí méjì tí òòyì fi kọ́ ọmọ tó ń lu gángan, ó sì ṣubú lulẹ̀ tòun tìlù. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń bẹ̀ mí pé kí á máa wọ tíṣáàtì, ṣùgbọ́n àwọn àgbà iṣẹ́ wa ní olówó kì í náwó fún olórin tó bá múra bí ọmọ ìta. Kí ni kí á wọ̀ tí ooru kò fi ní pa wá, tí a kò sì ní tẹ́?"

Ẹ kú ewu ọmọ náà o, ẹ sì bá mi kí i. Bí mo ṣe ka ìbéèrè yín, nǹkan méjì ló lọ́ mọ́ra nínú rẹ̀. Ẹ̀rù ìlera ń bà yín, ẹ̀rù ẹ̀tẹ́ náà sì ń bà yín, ẹ wá rò pé dandan ni kí ẹ fi ọ̀kan ra èkejì. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Mo fi ọdún mẹ́sàn-án lu gángan kí èjìká tó ní kí n sinmi. Láti ìgbà náà ni mo ti wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, àwọn olórin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Ẹ̀bi tèmi náà wà nínú irú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, mo rán aṣọ àrán pupa fún ẹgbẹ́ kan tó fẹ́ lọ ṣeré níbi òkú àgbà kan lọ́sàn-án gangan. Aṣọ náà ń dán, gbogbo ènìyàn ń yìn mí, ṣùgbọ́n kí eré tó dé ìdajì, àwọn onílù ti bọ́ ọ sórí àga, síńgílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń lulù níwájú àlejò. Ìgbà náà ló yé mi pé aṣọ tí olórin máa bọ́ nítorí ìnira kí eré tó parí kò lè fún un níyì, iye yòówù tí wọ́n ìbáà fi rán an.

Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ tú palẹ̀ ni èrò pé agbádá ló gbé ọmọ yín ṣubú. Agbádá gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ṣe ń rán an wà lára aṣọ tó mọ̀ nípa ooru jù lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò lẹ̀ mọ́ ara, afẹ́fẹ́ ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, ó sì ń gba ọrùn jáde, gbogbo ìgbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá yí ara ni ó ń fẹ́ ara rẹ̀ lábẹ̀bẹ̀. Ohun tí a fi kún un ló sọ ọ́ di ààrò. Ẹ jẹ́ kí á ka ìpele aṣọ tó wà lórí èjìká ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn: síńgílẹ́ẹ̀tì, bùbá, agbádá, láínìn tí télọ̀ fi sí abẹ́ agbádá nítorí pé léèsì náà ní ihò, ìyẹn jẹ́ mẹ́rin. Bó bá wá ká apá agbádá lé èjìká lẹ́ẹ̀mejì kó tó lè rọ́wọ́ lulù, gbogbo rẹ̀ ti di mẹ́jọ, nítorí pé láínìn ń bá agbádá ká ni. Ibẹ̀ náà sì ni ó gbé okùn ìlù kọ́. Ẹ wá fi iṣẹ́ ọnà àyà kún un, èyí tí wọ́n máa ń lẹ aṣọ líle mọ́ lábẹ́ kó má bàa ká kò, tó sì wá dà bí pátákó tí wọ́n gbé dí ojú fèrèsé.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì kò le láti lóye. Ara ènìyàn ń fẹ́ láti dúró sí nǹkan bí 37°C. Ẹni tó ń lulù tàbí tó ń jó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ń kọ ebè ni, iṣan rẹ̀ ń dáná nínú ara, ara sì gbọ́dọ̀ rí ibi da iná náà sí. Bí ìta bá tutù ju ara lọ dáadáa, ooru á fúnra rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ní Abẹ́òkúta nínú oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, tí ọ̀sán lè tó 34°C tàbí kó lé, tí àwọn àpáta sì ń mí ooru jáde, òógùn nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kù fún ara. Púpọ̀ nínú wa ló sì rò pé òógùn tó ń jáde ló ń mú ara tutù. Rárá o, gbígbẹ tí òógùn ń gbẹ lára ló ń gbé ooru lọ. Èyí tó ń ro tótó sílẹ̀, tàbí tí síńgílẹ́ẹ̀tì fà mu tó sì wà níbẹ̀ láìgbẹ, ara ti fi omi rẹ̀ ṣòfò. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ agbára nínú ooru lè pàdánù omi tó lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí kan. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí á máa bi aṣọ ni pé: ṣé afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ kọjá láti gbẹ òógùn ara mi? Afẹ́fẹ́ tó ti kún fún omi kò sì ní gba òmíràn mọ́, ìdí nìyẹn tí 31°C létí ọ̀sà ní Èkó fi lè rẹ olórin ju 36°C lọ ní Ìsẹ́yìn nígbà ọyẹ́. Abẹ́ kánópì tí èrò kún, tí ọbẹ̀ ń rú èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń mí sí yín lẹ́yìn, kò yàtọ̀ sí Èkó, ì báà jẹ́ Abẹ́òkúta lẹ wà.

Ní ti aṣọ fúnra rẹ̀, orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́jà kì í sọ ohun tí wọ́n fi hun ún. Léèsì kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Èyí tó jẹ́ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe ọnà sí lára, irú èyí tí àwọn òbí wa máa ń rà láti Ọ́stríà àti Swítsàlandì, ń mí dáadáa, kò sì fi dandan fẹ́ láínìn. Ṣùgbọ́n léèsì oníkókó tí wọ́n fi pọlísítà ṣe, tàbí èyí tó jẹ́ nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n to ohun dídán sí lára, kò ṣeé wọ̀ láìsí láínìn, láínìn náà sì sábà máa ń jẹ́ pọlísítà. Bákan náà ni púpọ̀ nínú àwọn aṣọ dídán tí wọ́n ń tà fún wa ní orúkọ káṣímíà. Kí ẹ tó sanwó, yálà ní Ìtòkú ni o, ní Gbági ni o, tàbí ní Balógun, ẹ fi ìpele kan nínú aṣọ náà bo ẹnu, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí ẹ̀yìn ọwọ́ yín tó wà lódì kejì kò bá gbọ́ atẹ́gùn náà, òógùn yín kò ní rí ọ̀nà. Ẹ tún tu fọ́nrán díẹ̀ létí rẹ̀, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú á jó bí ìwé, eérú rẹ̀ á sì kúnná. Pọlísítà á yọ́, á sì le bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré. Bí ẹ bá rí méjèèjì, wọ́n ti pa wọ́n pọ̀ nìyẹn.

Mi ò fẹ́ kí ẹ ṣì mí gbọ́ pé òwú kò ní àléébù. Òwú máa ń fa omi mu púpọ̀, kì í sì í tètè gbẹ. Bí ó bá ti rin tán, á wúwo, á lẹ̀ mọ́ ara, ihò rẹ̀ á sì dí. Jẹ́sì fẹ́lẹ́ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń wọ̀, tó jẹ́ pọlísítà, máa ń gbẹ kíákíá jù ú lọ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń gba àwọn onílù kan nímọ̀ràn láti fi irú rẹ̀ rọ́pò síńgílẹ́ẹ̀tì òwú tó nípọn. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀, àwọn kan ní ó ń hún àwọn lára, mi ò sì bá wọn jiyàn. Ní ti aṣọ òkè, ẹ má fi rán odindi ẹ̀wù fún ọ̀sán. Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ti ń hun èyí tó fúyẹ́ ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n aṣọ òfì tí wọ́n hun ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n sì rán pọ̀ ṣì nípọn ju àǹkárá lọ. Ẹ lò ó sí fìlà, sí àpò àyà, sí etí ọrùn, kí iyì rẹ̀ hàn níbi tí òógùn kò pọ̀ sí.

Èyí tí mo rò pé ó wúlò jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí: ẹ jẹ́ kí aṣọ yín jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n kí ẹ rán an ní ìbámu pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ kálukú. Ojú àlejò kì í ka gígùn apá aṣọ, àwọ̀ àti aṣọ kan náà ló ń rí tó fi ń mọ̀ pé ẹgbẹ́ kan ni yín. Ọmọ tó ń lu gángan ń há ìlù mọ́ abíyá, ó ń fi apá fún ọsán rẹ̀, ìyẹn okùn awọ tó yí i ká, ní gbogbo ìgbà, ibẹ̀ sì ni òógùn ti ń pọ̀ jù. Apá aṣọ tó gùn tó sì gbòòrò á máa há sínú ọsán, òógùn á sì máa rin awọ. Bí awọ bá sì ti gba omi, á dẹ̀, ohùn ìlù á lọ sílẹ̀, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ lọ́jọ́ òjò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń rán bùbá tí apá rẹ̀ mọ ní ìgbọ̀nwọ́ fún, tí ojú apá rẹ̀ gbòòrò, tí mo sì fi abala òwú oníhò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ sí abíyá. Tìmùtìmù òwú kékeré lábẹ́ okùn ìlù sàn fún un ju kí ó máa ká aṣọ jọ sí èjìká lọ. Ẹni tó jókòó sídìí ìlù òyìnbó ń ṣiṣẹ́ tọwọ́ tẹsẹ̀, ẹ̀yìn gbogbo yín ló sì wà, kò sẹ́ni tó ń rí ju àyà rẹ̀ lọ. Ẹ fún un ní dàńṣíkí àti kẹ̀mbẹ̀, kò ní dójú tì yín. Ẹ̀wù onígìtá gbọ́dọ̀ tẹ́jú níwájú, láìsí bọ́tìnnì ńlá tàbí iṣẹ́ ọnà tó le, nítorí wọ́n á máa ha ara gìtá. Okùn gìtá náà sì máa ń dípẹtà bí òógùn bá ń kán sí i, ẹ jẹ́ kó máa fi aṣọ gbígbẹ nù ún láàárín orin.

Ẹ̀yin olórí lẹ lè dá agbádá wọ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fi òwú fẹ́lẹ́ rán an láìsí láínìn, kí ọnà àyà rẹ̀ jẹ́ òwú rírọ̀ tí kò kún gbogbo àyà. Ẹ fi í jáde, ẹ kí àwọn ènìyàn jàǹkàn, ẹ kọ orin ìwúre, lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọmọ ẹgbẹ́ kan wá gbà á lọ́wọ́ yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bí onílù ṣe ń ki yín. Agbádá tí ẹ ti pinnu láti bọ́ jẹ́ ara eré, èyí tí ooru bọ́ fún yín ló jẹ́ ẹ̀tẹ́.

Bí obìnrin bá wà nínú ẹgbẹ́ yín, ìyà tiwọn tún lé. Gèlè tí wọ́n fún mọ́ iwájú orí fún wákàtí mẹ́rin máa ń fọ́ni lórí, ìró tí wọ́n so dan-in mọ́ ìbàdí tún wà, ìpele wà lórí rẹ̀. Ẹni tó ń kọrin ń fi ikùn àti ẹ̀gbẹ́ mí ni. Ohunkóhun tó bá fún un níbẹ̀ ń gé ohùn rẹ̀ kúrú. Ìdí nìyí tí n kì í fi rán kọ́séètì tó wà lóde báyìí fún akọrin, ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó wá télọ̀ mìíràn. Ìró tí a fi rọ́bà sí ìbàdí rẹ̀, tó ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bùbá òwú tí kò fún lára, àti gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀ tó ṣeé gbé kalẹ̀ nígbà ìsinmi, ìwọ̀nyí kò dín ẹwà wọn kù.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ kò tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ ọ́. Lóòótọ́, aṣọ dúdú ń gba ooru oòrùn ju funfun lọ, ṣùgbọ́n ìgbà tí oòrùn bá ń pa yín tààrà nìkan nìyẹn. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀wù dúdú àwọn Bedouin, ìyẹn àwọn darandaran Lárúbáwá inú aṣálẹ̀, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1980, pé ooru tó ń dé ara ẹni tó wọ ẹ̀wù dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ kò ju ti ẹni tó wọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀ lọ. Gbígbòòrò ẹ̀wù àti afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ rẹ̀ ló mú un rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó kan olórin jù nínú ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni àmì òógùn. Aṣọ aláwọ̀ eérú àti búlúù fífẹ́rẹ́ máa ń tú àṣírí abíyá níwájú kámẹ́rà; funfun kì í fi àmì hàn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá rin, ó lè fi ara hàn. Àǹkárá olódòdó àti àdìrẹ máa ń bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀yin sì rèé nílùú àdìrẹ gan-an. Kí ẹ sáà rí i pé wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin títí omi rẹ̀ á fi mọ́, nítorí òógùn máa ń fa aró jáde sára ọrùn àti sára okùn funfun tí wọ́n fi ń gbé gìtá kọ́ èjìká.

Fìlà wúlò bí oòrùn bá wà lórí. Lábẹ́ òrùlé, ẹ máa ṣí i láàárín orin. Bàtà onírọ́bà nísàlẹ̀ sàn ju èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ awọ, ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ àwọn àgbà iṣẹ́ yín, mi ò sì ní sọ pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìrínisí ni ìsọnilójọ̀, ẹni tó bá ti jẹun nídìí jùjú mọ̀ pé olówó ń wo aṣọ kó tó na ọwọ́ sápò. Tíṣáàtì yá, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì dára fún ìdánrawò àti fún eré ọ̀dọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n níbi ìgbéyàwó àwọn Ẹ̀gbá, mo gbà pé yóò dín yín kù. Àwọn ọmọ yín lè sọ pé Fẹlá, ọmọ Abẹ́òkúta bíi tiwọn, máa ń bọ́ ẹ̀wù kọrin, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé tirẹ̀ ni Shrine, àwọn ènìyàn ló ń wá bá a níbẹ̀ lálejò. Ẹ̀yin lẹ ń lọ bá olóde lálejò. Nínú gbogbo ọ̀nà tó wà, èmi á mú bùbá àti ṣòkòtò àdìrẹ olówùú pẹ̀lú fìlà aṣọ òkè fún gbogbo ẹgbẹ́, agbádá fún olórí nìkan, kí ẹ sì rán in ní méjì-méjì. Méjì-méjì yìí ló máa ná yín lówó, mo mọ̀, ṣùgbọ́n pípààrọ̀ sí aṣọ gbígbẹ nígbà ìsinmi ń ṣe ju aṣọ olówó iyebíye kan lọ. Ẹ má sì bẹ̀rù pé ara gbígbẹ á dín owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ yín níwájú orí kù. Òógùn tó máa mú owó lẹ̀ á ṣì kù lójú yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí agbára aṣọ mọ. Kò sí bí mo ṣe lè ránṣọ tó, bí wọ́n bá gbé yín sí ojú oòrùn láìsí afẹ́fẹ́, tí ẹ sì ṣeré wákàtí mẹ́ta láìsinmi, ẹnì kan á tún ṣubú. Kí ẹ tó gba àsansílẹ̀, ẹ bá olóde sọ ọ́ pé ẹ fẹ́ ibòòji, fáànù méjì, omi, àti ìsinmi díẹ̀ láàárín wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ọtí kì í ṣe omi, ó ń mú kí ènìyàn máa tọ̀ púpọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé nígbà òtútù wọn nílò nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá kí ara rẹ̀ tó mọ ooru wa. Aṣọ tó rin tún ń fa ewu iná mọ̀nàmọ́ná, nítorí ara tó rin ń jẹ́ kí iná gba inú ènìyàn kọjá wẹ́rẹ́ bí máíkì tàbí gìtá bá ń gbé iná; áńkáṣíìfù tí ẹ fi ń wé máíkì kò gbà yín bó bá ti rin, ẹ jẹ́ kí oníná ri wáyà ààbò (èyí tí wọ́n ń pè ní earth) mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì wọ bàtà onírọ́bà tí mo sọ. Èmi kì í ṣe dókítà, nítorí náà ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pàápàá èyí tó ń mú ni tọ̀, tàbí ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, kó bi ilé ìwòsàn rẹ̀ léèrè kó tó ṣeré ọ̀sán. Ohun kan tí gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé bí olórin bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, tí kò mọ ibi tó wà mọ́, ì báà máa làágùn tàbí kó má làágùn, kì í ṣe àárẹ̀ lásán. Ara rẹ̀ lè ti tó 40°C. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ní ti agbádá léèsì mẹ́sàn-án tí ẹ ti rán, ẹ má tà wọ́n. Ẹ gbé wọn padà fún télọ̀ yín, kó tú láínìn wọn, kó sì yọ aṣọ líle tó wà lẹ́yìn ọnà àyà. Bí aṣọ náà bá wá fi ara hàn jù, bùbá òwú aláwọ̀ kan náà lábẹ́ á bò ó. Ẹ fi wọ́n pamọ́ fún eré alẹ́ àti ìgbà ọyẹ́. Ti ọmọ tó ń lu gángan ni kó kọ́kọ́ tú, kó gé apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, kí ọmọ náà sì fi lulù fún wákàtí kan lójú oòrùn nínú ọgbà yín, pẹ̀lú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí télọ̀ tó fọwọ́ kan mẹ́jọ tó kù.